Àyè Méjì, Èèyàn Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

“Ọmọ yìí, ọ̀lẹ ni ẹ́! Orí ẹ pé, ó dá ṣáká, ọ̀lẹ lásán ló ń dà ẹ́ láàmú! Tó o bá yọ márùn-ún níbí, o ò ní yọ ọ́ lọ́hùn-ún ni?”

Bí ìyàwó ṣe pariwo ẹ̀ gan-an nìyẹn. Mi ò bù ú kù, mi ò bù mọ́ ọn, torí mo mọ ilé wa. Kó tó di ọ̀la, wọ́n á ti ní ó gbá mi létí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń sọ o. Ìyàwó tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí, kò pè mí lórúkọ rí, “Eyínfúnjowó” ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ó sì ti ṣe tíṣà rí. “Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìlà kejì.” “Eyínfúnjowó, ẹ má bínú, kò rí bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn.” Báyẹn la ṣe ń bá ìṣirò bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àfi lónìí. 3x + 5 = 20 ló wà níwájú mi. Mo yọ márùn-ún kúrò lápá òsì, mo fi ogún sílẹ̀ bó ṣe wà, mo ní ẹ́kìsì jẹ́ ogún tá a pín sí mẹ́ta. Àṣìṣe kan náà ni mo ti ṣe lánàá àti níjẹta. Mo tún wá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí i nínú.

Màmá tó ń to bọ́tìnnì àti òwú sórí tábìlì ọjà ẹ̀ níwájú ilé wọlé wá tòun ti páálí lọ́wọ́.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?”

Ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí Màmá tó dé ìdí ọ̀rọ̀. “Ẹ má bínú, mà. Ẹnu mi ló yọ̀.”

“Ẹnu ẹ yọ̀? Ọmọ tó o bá nílé lo ń pè lọ́lẹ? Tíṣà, ó tó gẹ́ẹ́. Tó bá jẹ́ pé èébú ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò, kí ọmọ mi má wulẹ̀ mọ̀ ọ́n. Má kọ́ ọ mọ́.”

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni mo fa á. Ìwé ni mo pa dé. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ìwé tèmi. Mo ní ó kéré tán, màá sinmi ẹ́kìsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Òjò. Mo sinmi ẹ́kìsì. Ọ̀sán ni mo tó rántí pé ìdánwò tí mo fẹ́ fi padà sílé ìwé ò sinmi ní tiẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo padà lọ bá Màdáàmù, ọ̀gá ilé ìwé, bóyá á sún ìdánwò síwájú. Kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lórí bébà tó ń kọ.

“Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Ìṣirò nìkan ni mo fi ń dán àwọn tó ń padà wá wò. Tó o bá yege, kíláàsì kẹrin. Tó ò bá yege, o dàgbà ju ẹni tí mo máa fi sí kíláàsì kẹta lọ, ká má tan ara wa.”

Ọdún kejì rèé tí Bàbá já lulẹ̀ lórí àkàsọ̀ níbi tó ti ń kun ilé, tí mo fi kíláàsì kẹta sílẹ̀ láì parí ẹ̀, tí mo wá ń bá a po ọ̀dà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti jinná tipẹ́. Ó kàn máa ń tiro tí òjò bá ti ṣú ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní “ó yá, padà síbi tó o ti kúrò.” Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ bá Màdáàmù. Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n tí mi ò bá yege, ọ̀dọ̀ Àǹtí ni, àbúrò ẹ̀ tó ní lọ́ńdírì ní ìlú kejì. Àǹtí ti ránṣẹ́ béèrè: “Ṣé ọwọ́ ọmọ náà le? Omi gbígbóná la fi ń ṣiṣẹ́ níbí o.”

Àbúrò mi obìnrin, ẹlẹ́nu ṣaaṣa, ń lọ sí kíláàsì kẹrin ní tiẹ̀, kò ṣe ìdánwò kankan ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ó ní: “Ẹ má ṣèyọnu. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, mo máa fi yúnífọ́ọ̀mù mi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ bá mi lọ̀ ọ́.”

Mo ju ìrọ̀rí lù ú. Kò bà á.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo dá jókòó ti ìwé. Réṣíò. Wọ́n ní bàbá kan pín ogójì ọsàn fún ọmọ méjì ní 3:5. Mo kọ́kọ́ bínú sí bàbá yẹn, kí ló ṣe tí kò pín in dọ́gba? Lẹ́yìn náà, mo pín ogójì sí mẹ́ta, ó fún mi ní mẹ́tàlá àti jáńjálá. Mo pín ogójì sí márùn-ún, mẹ́jọ. Mẹ́tàlá àti mẹ́jọ, mọ́kànlélógún. Ọsàn mọ́kàndínlógún sọnù, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ ẹ́.

Ìyàwó ń gbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí i tó ń yọjú wo ìwé mi. Ẹnu ń yún un. Ó gbálẹ̀ kọjá.

Ọjọ́rú, 12

“Ẹ káàárọ̀, Eyínfúnjowó.” “Káàárọ̀.” Gbogbo ọ̀rọ̀ tá a bá ara wa sọ lónìí nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà eléyín la ń kùn. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni dókítà fẹ́. Bàbá ní agolo funfun mẹ́ta sí búlúù méjì, a po ìyẹn, a fi kun ògiri kékeré, ó dára. Ó wá ku ògiri tó gùn. Bàbá ní: “Po èyí tó pọ̀ ju ìyẹn lọ, irú kan náà,” ó bá tẹ̀ lé dókítà lọ wo àjà.

Mo rò ó dáadáa o. Kì í ṣe pé mi ò rò ó. Mo ní tí mo bá fi iye kan náà kún méjèèjì, wọn ò ní rẹ́ ara wọn jẹ. Mo fi agolo méjì kún funfun, ó di márùn-ún. Mo fi méjì kún búlúù, ó di mẹ́rin. Mo tún ń yin ara mi.

Ọ̀dà tútù kì í jẹ́ kéèyàn mọ àwọ̀ ẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ ni mò ń rí i pé kò jọ ti àkọ́kọ́. Dókítà wọlé, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Baba, ṣé ojú mi ni, àbí àwọn ògiri yìí ò gbọ́ra wọn yé?”

Ògiri gígùn ti dúdú bí ìgbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Bàbá ò wò mí. Ó ní: “A máa tún un ṣe, dókítà. Ẹ má bínú.” Títí a fi délé, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń tiro gan-an.

Ẹnu ọ̀nà ilé ló ti bú jáde. “Ọmọ tí ò lè po ọ̀dà tó fi ọdún méjì pò! Òun ló fẹ́ lọ jókòó ìdánwò! Owó ọ̀dà funfun tún lé sí i lọ́sẹ̀ yìí, ó da gbogbo ẹ̀ sára ògiri! Ẹ jẹ́ n pe àbúrò mi. Kó máa lọ. Omi gbígbóná ò ní kó ro nǹkan kan.”

Ìyàwó ló dáhùn, láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó ti kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi iye kan náà kún un.”

Irọ́ gbuu! Kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Màmá pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́! Tíṣà náà nìyẹn!” Bàbá mí kanlẹ̀, ó wọlé, kò pe Àǹtí.

Mo bá ìyàwó lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ní kí ló dé tó parọ́ mọ́ ara ẹ̀.

“Tí wọ́n bá ní ẹ̀yin ni ẹ ò mọ nǹkan kan, wọ́n máa rán yín lọ. Tó bá jẹ́ èmi ni mo kọ́ yín lódì, ẹ ṣì lè kọ́ ọ dáadáa.” Ó ń fi ìpẹ̀kun aṣọ nu orúnkún ẹ̀. “Eyínfúnjowó, mo bá yín jà lọ́jọ́sí torí mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é. Inú mi ò dùn sí bí mo ṣe pariwo. Ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ.”

Ọjọ́ Àìkú, 16

Bàbá ṣì ń fọ ẹnu nígbà tí mo lọ bá a. Mo ní: “Bàbá, kì í ṣe ìyàwó. Èmi ni mo dá a rò.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀?”

“Àwa la ní kó má kọ́ ẹ mọ́. Ìgbà wo ló wá kọ́ ẹ?” Ó tutọ́ ọṣẹ ẹnu dànù. “Lọ́la, ìwọ lo máa tún un pò. Ogún agolo la máa nílò lápapọ̀. Mi ò ní sọ iye tó máa jẹ́ funfun àti iye tó máa jẹ́ búlúù. Tí kò bá bá ògiri kékeré mu, tìẹ ti parí, mi ò ní dúró de ìdánwò Màdáàmù kankan.”

Mo lọ bá ìyàwó nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Kò gbé orí sókè, kí Màmá má bàa mọ̀ pé a ń sọ̀rọ̀. Ó mú ife mẹ́ta, ó tò wọ́n sápá kan, ó mú àwo méjì sápá kejì.

“Ẹgbẹ́ kan nìyí. Mẹ́ta àti méjì, wọ́n jọ ń rìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i, ẹ má fa ẹnì kan ẹnì kan wá, gbogbo ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́?”

“Márùn-ún.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa pè wọ́n kí wọ́n tó pé ogún?”

Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ ní orí. Mẹ́rin! Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Mo sáré wọlé láì sọ ẹ ṣé. Ọsàn ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mẹ́ta àti márùn-ún jẹ́ mẹ́jọ, ogójì ọsàn pín sí mẹ́jọ, ó jẹ́ márùn-ún márùn-ún. Ọmọ kan gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èkejì gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Gbogbo ọsàn pé. Mo rí mọ́kàndínlógún mi.

Ọjọ́ Ajé, 17

Funfun méjìlá, búlúù mẹ́jọ.

Òjò ló tún wá ṣú, ọ̀dà ò sì fẹ́ gbẹ. Bàbá jókòó lórí ike ọ̀dà, èmi jókòó lórí ilẹ̀, àwa méjèèjì ń wo ògiri bí ẹni ń wo aláìsàn. Aláìsàn gidi kan wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú, ó wò wá, ó wo ògiri, ó tún jáde. Dókítà bá wa gbé fáànù wá. Tó bá gbẹ díẹ̀, màá ní ó ti bára mu. Tó bá tún gbẹ díẹ̀ sí i, màá ní mo ti dé ọ̀dọ̀ Àǹtí.

Ó bára mu. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibi tí ògiri méjèèjì ti pàdé, ó ní “Hun.” Nígbà tá a ń kẹ́rù ló tó sọ̀rọ̀: “Nọ́ńbà Àǹtí ẹ ti wà lójú fóònù mi látàárọ̀. Ọlọ́run yọ ẹ́.”

Ọjọ́bọ̀, 20

Bàbá ò bínú mọ́, ṣùgbọ́n Màmá ò tíì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin ẹ̀. Ìyàwó ò gbọ́dọ̀ kọ́ mi. Nítorí náà, a ti ń ṣòfófó. Ẹ̀yìnkùlé, níbi aṣọ fífọ̀. Ìyàwó ló dá ọgbọ́n ẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí bírò, òfófó lásán létí ẹni tó bá ń kọjá.

“Eyínfúnjowó, ẹ ò gbọ́. Obìnrin kan ní báàgì mẹ́rin tí nǹkan inú wọn dọ́gba. Ó tún ní ẹ̀wù mẹ́fà sí i. Gbogbo ẹ̀wù tó ní, ọgbọ̀n.”

“Àwọn obìnrin kan ò mọ̀ pé èèyàn ń kú!” Mò ń fọ aṣọ, mò ń rò ó. Mo yọ mẹ́fà kúrò, mo sì yọ ọ́ kúrò lára ọgbọ̀n náà, mo ṣe é lápá méjèèjì, kí wọ́n má tún pè mí lọ́lẹ. Mẹ́rìnlélógún. “Mẹ́fà mẹ́fà ló wà nínú báàgì ẹ̀.”

“Ẹ ṣé o. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.”

Mo gba márùn-ún nínú mẹ́fà lónìí. Ara mi ò balẹ̀ síbẹ̀. Bébà ni màá bá pàdé lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe òfófó.

Ọjọ́rú, 26

Wàhálà dé.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó ṣòfófó obìnrin kan fún mi tí ọjọ́ orí ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ ẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún méjìlá, ìlọ́po méjì péré ló máa jẹ́. Ó gbà mí ní aṣọ ìbora méjì kí n tó rí i: ọmọ jẹ́ ọdún méjìlá, ìyá ẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Màmá sì wà lẹ́yìn fèrèsé.

Mi ò mọ̀ pé Màmá gbé e lọ fún ìyá oníbúrẹ́dì. Mi ò sì mọ̀ pé ìyá oníbúrẹ́dì ní ọmọ ọdún méjìlá. Láàárọ̀ yìí, kí a tó tẹ́ ọjà, obìnrin náà ti wà níwájú tábìlì Màmá, ó ti so gèlè mọ́dìí.

“Ẹ ní mo jẹ́ mẹ́rìndínlógójì! Ta ló ka ọdún mi? Ẹ tún ní tó bá tún di ọdún méjìlá, ọmọ mi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi dọ́gba! Ṣé èpè lẹ̀ ń ṣẹ́ fún mi ni?”

“Èmi ò dárúkọ ẹ o! Wọ́n ní obìnrin kan ni!”

“Obìnrin kan wo? Obìnrin mélòó ló wà ládùúgbò yìí tó bí ọmọ kan ṣoṣo?”

Èèyàn ti ń pé jọ. Mo wo ìyàwó, orúnkún ẹ̀ ti ń tẹ̀. Mo di apá ẹ̀ mú kó tó débẹ̀, èmi ni mo bọ́ sí wájú. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá oníbúrẹ́dì. Mo ní kò sí obìnrin kankan. Mo ní inú ìwé ìṣirò ló wà. Mo sáré mú ìwé wá, mo ṣí i síbi tó wà, mo kà á fún un. Ó gba ìwé, ó kà á fúnra ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ń mì.

“Ṣé irú nǹkan tí wọ́n ń kọ́ wọn nìyí? Kí ló kan tíṣà nínú ọjọ́ orí ìyá oníyàá?”

Àfi ìgbà tó pòṣé tó sì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn bá a rín in. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó yíjú sí èmi àti ìyàwó. Mo ti múra sílẹ̀ fún ohunkóhun.

“Ẹ wọ pálọ̀ lọ,” ló wí. “Ẹ máa ṣe é ní gbangba lórí tábìlì, kó tó dá ogun sílẹ̀ ládùúgbò. Ìwọ ìyàwó, tí kò bá tún gbọ́, jágbe mọ́ ọn. Èmi gan-an á bá ẹ jágbe.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Pròbábílítì la wà báyìí, mo sì kórìíra ẹ̀. Ẹ́kìsì le, ṣùgbọ́n tó o bá mú un, o mú un nìyẹn. Èyí kì í sọ bẹ́ẹ̀ ni, kì í sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyàwó da bọ́tìnnì pupa márùn-ún àti funfun mẹ́ta sínú fìlà Bàbá. Ó ní kí ni ìṣeéṣe pé pupa ni màá mú. Mo ní márùn-ún lórí mẹ́jọ. Ó ní ó dáa, ẹ mú un. Mo mú funfun.

“Ṣé o rí i? Ìṣirò ẹ parọ́.”

“Kò parọ́. Ohun tó wà nínú fìlà ló sọ. Kò sọ ohun tó máa bọ́ sí yín lọ́wọ́.”

Mo ní kí ni wọ́n wá ń kọ́ ọ fún nígbà náà. Ó ní kéèyàn má bàa sáré síbi tí kò sí nǹkan kan. Mi ò gbọ́ ọ yé. Àbúrò mi wọlé, ó kó bọ́tìnnì mẹ́ta sẹ́nu, ó ní kí ni ìṣeéṣe pé òun máa gbé wọn mì. Màmá fi bàtà dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù keje

Ìyàwó fún mi ní ìdánwò tó ṣe fúnra ẹ̀. Mo gba mọ́kànlá nínú ogún. Méjìlá ni wọ́n fi ń yege.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Mo ti ṣe é. Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, bàtà mi gbomi mu, mo fi ẹsẹ̀ tútù ṣe ìṣirò. Àwa díẹ̀ la wà níbẹ̀. Ọmọ aránṣọ kan jókòó níwájú mi, ẹ̀yìn ẹ̀ ń gbọ̀n débi pé àga ń dún. Bọ̀bọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mo-ti-mọ̀ parí ṣáájú gbogbo èèyàn, ó sì ń súfèé.

Réṣíò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mo ṣe gbogbo ẹ̀, mo fi agolo ọ̀dà rò ó. Ẹ́kìsì kan gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ bébà mi. Pròbábílítì ìkẹyìn, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re. Mo délé, Bàbá ní báwo, mo ní mi ò mọ̀. Ó ní “Hun.”

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Mo yege! Mo yege, mi ò sì tíì wọlé.

Màdáàmù pe àwa mẹ́ta sínú ọ́fíìsì ẹ̀: èmi, ọmọ aránṣọ, Mo-ti-mọ̀. Ó ní àwọn tó ṣe dáadáa jù wá lọ ti gba àyè tiwọn. Àyè méjì ló kù ní kíláàsì kẹrin, máàkì àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba, òun ti tún un kà, ó dọ́gba síbẹ̀.

“Mi ò lè kó èèyàn mẹ́ta jókòó sórí àga méjì. Ìbò la máa mú ní Ajé. Bébà mẹ́ta nínú àpò, ‘wọlé’ lára méjì, òfìfo ni ìkẹta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi ló máa kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá mú òfìfo, kó má bínú. Mi ò ní àga míì.”

Mo-ti-mọ̀ ti ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni pé Ajé ti dé. Ọmọ aránṣọ bì sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí Màdáàmù.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Látàná, gbogbo ilé ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Màmá ní àfi kí n kọ́kọ́ mú. “Ṣé ẹni tó bá mú kẹ́yìn ní ń rí nǹkan? Àjẹkù ló ń bá níbẹ̀!” Bàbá ní òun máa gbé mi lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ká lọ dúró sẹ́nu géètì, nítorí nígbà tí bébà ṣì pé nínú àpò ni oore pọ̀ níbẹ̀. Àbúrò mi ní kí n fi ẹsẹ̀ kọ́ Mo-ti-mọ̀ lẹ́sẹ̀ tó bá fẹ́ ṣáájú mi, òun á bá mi di ọmọ aránṣọ mú. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn tó ti sọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ìyàwó kàn bá mi nu bàtà ẹ̀ tó máa yá mi, bàtà olókùn.

Ọ̀sán ni mo kó bọ́tìnnì mẹ́ta lọ sẹ́yìn ilé, dúdú méjì, funfun kan. Mo ní kí n wò ó bóyá òótọ́ ni Màmá ń sọ. Tí mo bá kọ́kọ́ mú, méjì lórí mẹ́ta. Ìyẹn ò ṣòro. Tí mo bá mú kẹ́yìn ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí láti rò ó. Mo wá rí i pé òfìfo kan ṣoṣo ló wà. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni ìkẹyìn. Kò mọ ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan ṣoṣo ló burú fún mi, ibi yòówù kí n dúró sí.

Mi ò gbà á gbọ́. Mo ṣe é lọ́nà kejì. Kí òfìfo tó lè kù fún mi, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti mú “wọlé” lọ. Ẹni àkọ́kọ́, méjì lórí mẹ́ta. Ẹnì kejì, ọ̀kan lórí méjì. Mo sọ wọ́n di púpọ̀. Ọ̀kan lórí mẹ́ta. Ìdáhùn kan náà. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù, mò ń wo bọ́tìnnì mẹ́ta bí ẹni tó rí owó he. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí. Gbogbo wọn á máa sáré lọ́la, wọ́n á máa ti ara wọn, kò sì sí nǹkan kan níbi tí wọ́n ń sáré lọ.

Wọ́n ní ọmọ aránṣọ ò tíì jẹun láti ọjọ́ Ẹtì. Tó bá jẹ́ pé ipò kìíní ló máa jẹ́ kó mí, kó gbà á. Tí Bàbá bá já mi sẹ́nu géètì, màá bẹ̀rẹ̀ bíi pé okùn bàtà mi tú. Màá tú u, màá tún un dè, títí àwọn méjèèjì á fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni màá wọlé. Màá mú kẹ́yìn.

Mi ò ní sọ fún Màmá, á kígbe. Mi ò ní sọ fún Bàbá. Ìyàwó bi mí nírọ̀lẹ́ yìí, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́, ó ní “Eyínfúnjowó, ipò wo lẹ máa mú?” Ó dùn mí láti wò ó lójú kí n ní “Ìkíní, kí ni mo tún ń dúró dè?” Ṣùgbọ́n tó bá mọ̀, tó sì wá jẹ́ pé òfìfo ló kù, wọ́n á bi í ní pálọ̀ pé ṣé òun ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo mọ obìnrin yẹn. Kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, á kúnlẹ̀, á ní òun ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní mọ nǹkan kan tó máa kúnlẹ̀ fún.